Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Síbi Tí Wọ́n Fi Í Sí

Ọkọ̀ náà kò sí níbi tí wọ́n fi í sí.

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe jẹun. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń gé dígí fún ojú ẹlòmíràn, nítorí náà kì í tètè gbà pé ojú ń tan òun. Ó wo ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ti fi gègé ẹnu tín-ín-rín kọ ọ́ síbẹ̀ ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn pé: "A gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ Ayé Àgbàdo. Epo kún. Irin iṣẹ́ ló wà nínú ọkọ̀."

Ohun tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe Ayé Àgbàdo. Òkùnkùn ni, pẹ̀lú ìràwọ̀ wínníwínní díẹ̀. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Inú ọkọ̀ ṣófo.

Inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gba géèmù ọkọ̀ náà sí, kásẹ́ẹ̀tì kì í sì í rìn. Ohun tí èèyàn bá gbà sínú rẹ̀ lónìí, bó fi í sílẹ̀ fún ogún ọdún, òun náà ni yóò bá níbẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni eléyìí wà láti ìgbà náà, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, nínú àpò ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tú.

"Bàbá," obìnrin náà rọra sọ, "ta ló wa ọkọ̀ wa débí?"

Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìrọ̀rí lápá. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ògiri ló máa ń wò ṣáá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló dámọ̀ràn pé, "Àǹtí, ẹ wá nǹkan tí Bàbá fẹ́ràn nígbà tára wọn ṣì le. Bóyá á jí nǹkan nínú wọn." Ìdí tó fi lọ tú abẹ́ ibùsùn nìyẹn.

Nígbà tí obìnrin náà wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó lè rán an níṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti gbé bọ́ọ̀lù jáde, bàbá rẹ̀ á tilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì á máa han goorogo bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún akọ ìrẹ̀ bá ń du ìyàwó kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọn ò ní mí dáadáa, nítorí bí èèyàn bá sín lásán, ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́. Ìgbà tó bá yá, ariwo á dá. Ìlà aláwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ á fa ara wọn lójú ẹ̀rọ, wọ́n á di ọkọ̀.

Àwọn géèmù ìgbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní: fò, yìnbọn, kú, tún bẹ̀rẹ̀. Èyí kò ní ọ̀nà kankan. Òfurufú rèé, ọkọ̀ rẹ rèé, ẹrù díẹ̀ rèé, ó kù sọ́wọ́ rẹ. Ayé ló pọ̀ nínú rẹ̀ lọ bí yanrìn, tí kò sẹ́ni tó ní kó o lọ síbi kan tàbí kó o má lọ. Awọnlẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ló fi ń na okùn lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń làjà láàárín àwọn tó fẹ́ pa ara wọn nítorí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bó bá ti jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀.

"Igbákejì," á wí, nítorí orúkọ tó fún un nínú ọkọ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì ni Atukọ̀. "Igbákejì, wo ibi tí kò ní òpó ààlà."

Òun ló kọ ìmọ̀ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé náà. Ra oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń dáko, gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ, kó o sì ra ẹ̀rọ bọ̀. Má ṣe di gbogbo ẹrù rẹ sórí ọjà kan. Epo tí o máa fi padà wálé, má fi í ṣeré. Bí o bá fẹ́ wọ ibùdókọ̀, má kánjú: bó ṣe ń yí ni kí ìwọ náà máa yí, bí ọmọdé tó fẹ́ bọ́ sínú okùn táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò. Igbákejì fọ́ ọkọ̀ mọ́ ògiri ibùdó nígbà mọ́kànlá kó tó mọ̀ ọ́n. Ní ìkọkànlá, ó sunkún. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú òun náà.

Ìmọ̀ràn kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ó fi bírò pupa kọ. "Ọkọ̀ tí kò bá ní orúkọ lórí, má bá a ṣe pàṣípààrọ̀." Igbákejì bi í pé kí ló dé. Bàbá ní, "Mo pàdé ọ̀kan rí," ó sì pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn náà ni Igbákejì wọ ilé ìwé gíga, ìyá rẹ̀ kú, kọ̀ǹpútà tuntun dé, ayé sì ń lọ.

Nígbà tó béèrè ta ló wa ọkọ̀ wọn débí, ojú bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó wo òkùnkùn inú ẹ̀rọ náà pẹ́. Ìka kan gbéra lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó tọ́ka: òsì. Igbákejì yí ọkọ̀ sósì.

Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń yí i lọ́wọ́ báyìí, ohùn kan tó ti dípẹtà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Rọra."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Ó sunkún, ó ń wakọ̀, ó ń sunkún.

Láti ìgbà náà, bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ kan. Òórùn eruku tó gbóná lára ẹ̀rọ, oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí tábìlì, ohun gbogbo rí bíi ti Sátidé àtijọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò bára mu. Ibi tí ó bá gba ọkọ̀ sílẹ̀ sí, kì í bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń ti lọ síwájú díẹ̀, síbì kan náà, bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn fà á.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọkọ̀ mìíràn yọ. Gbogbo ọkọ̀ inú géèmù yẹn ló máa ń gbé orúkọ sórí. Eléyìí kò ní nǹkankan lórí. Ó dúró síwájú wọn, kò yìnbọn, kò yà. Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ.

Ẹ KÚ ÌRÌN. KÍ LẸ Ń WÁ?

Èdè ilé wọn ni, èdè tí ẹ̀rọ náà kò gbọ́ rí, àmì ohùn sì pé sórí rẹ̀ pérépéré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn kò ní àmì kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù mẹ́jọ fi ṣíbí bọ́ bàbá rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́: Ìlera bàbá mi.

MO NÍ I. PÀṢÍPÀÀRỌ̀ NI. BẸ́Ẹ̀ NI, TÀBÍ BẸ́Ẹ̀ KỌ́?

Bàbá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó fún un gan-an. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, itọ́ ń dà.

"Má... a... tẹ̀ ẹ́."

Ahọ́n tó ti wúwo kì í gé ọ̀rọ̀ dọ́gba. Má tẹ̀ ẹ́ ni, àbí Máa tẹ̀ ẹ́? Àárín méjèèjì kò ju èémí kan lọ. Èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ni etí rẹ̀ gbọ́.

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọwọ́ tó di í mú tú. Bàbá rẹ̀ mí sínú, gígùn, bí ẹni tó jáde láti inú omi jíjìn. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ketekete pé, "Ẹ fún mi lómi."

Ó mu ife mẹ́ta. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè sínú oòrùn, ó ń ká ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa wọlé, Bàbá ti dúró lójú fèrèsé, ó dijú, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú. Aṣọ ìnura já bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wakọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, ó dì mọ́ bàbá bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé kún fún ẹ̀rín. Igbákejì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ikùn.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Ó tutù, ó ń dúpẹ́ lórí ohun gbogbo. Á di búrẹ́dì mú lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó bù ú jẹ. Á jókòó nínú oòrùn títí awọ orí rẹ̀ á fi pọ́n. Ṣùgbọ́n á kanlẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé kan wá fún un kó buwọ́ lù, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gbàǹgbà tó dagun.

"Bàbá," ó bi í lọ́jọ́ kan, "kí lẹ máa ń pè mí nígbà tí mo kéré?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi ni. Kí ni bàbá tún ń pe ọmọ?"

Igbákejì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá, bàbá wa kọ́ nìyí."

"Ta wá ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé. "Àìsàn máa ń yí èèyàn padà. O ní kí odi sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ tán, o ní ohùn rẹ̀ ò dùn. Sinmi, jọ̀ọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí ọkùnrin náà ṣe ń bá àwọn aládùúgbò tàkúrọ̀sọ níta, Igbákejì wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò. Ó han goorogo, ó dákẹ́. Ọkọ̀ kan dúró nínú òkùnkùn. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Lẹ́tà sì ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

IGBÁKEJÌ. ṢÉ ÌWỌ NÌYẸN? OTÚTÙ Ń MÚ MI.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ó tẹ̀ ẹ́: Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ ni.

MO MỌ̀, ni ìdáhùn rẹ̀.

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin náà wọlé, ó wo ojú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ó ti rí ọ̀rọ̀ sọ," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Tèmi ò tètè yá bẹ́ẹ̀."

"Ta ni yín?"

Kò jiyàn. "Èmi ni mo ń fa ọkọ̀ yín, díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ pàdé mi nígbà kan. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀, ó ní òun ní ọmọ nílé."

"Ẹ dá a padà." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bó bá sì ṣeé ṣe, ara tó kọ̀ yẹn ló máa padà sí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Otútù yẹn, kò ní pẹ́ mọ́ ọn lára. Ó mọ́ èmi náà lára. Èmi kọ́ ni mo wọ inú ibẹ̀ fúnra mi. Àìsàn ló ń ṣe mí. Mo ní ọmọbìnrin kan, ó fẹ́ràn mi bí o ṣe fẹ́ràn bàbá rẹ. Ọkọ̀ kan dé, ó béèrè ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó gbójú padà sójú ẹ̀rọ náà.

"Òun náà tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà, Igbákejì kò pa ẹ̀rọ náà mọ́. Ó gbé bátìrì ńlá kan sí ìdí rẹ̀ nítorí iná. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á wọ yàrá ẹ̀yìn, òun àti Atukọ̀ á máa lọ láti ayé dé ayé, á máa bá a wá epo. Bàbá rẹ̀ a máa sọ ohun tó ń rí fún un, àwọn nǹkan tí ìlà aláwọ̀ ewé yẹn kò lè yà. Ó ní ọwọ́ òun kò gbọ̀n mọ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ otútù mọ́, Igbákejì kò sì béèrè.

Ọkùnrin yẹn ń dàgbà lọ nínú ilé náà jẹ́jẹ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀. Wọn kì í bára wọn jà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tíì wá fún un, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ.

"Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ kan níbẹ̀," ó wí, "tí ẹni inú rẹ̀ bá jẹ́ obìnrin, tó sì ní òun ń wá bàbá òun..."

Igbákejì dúró kó parí rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé ara mi le," ó ní, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.