Ẹni Tí Àyànfẹ́ Kò Pè

"Mẹ́wàá pérépéré!" Alùfáà Adétóyè rẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. "Àyànfẹ́, o ṣeun. Àwọn mélòó ló ní àwọn ń bọ̀?"

"Mẹ́sàn-án, sà. Fọlákẹ́ nìkan ló ní òun ò wá."

Irọ́ gbuu! Àyànfẹ́ kò tilẹ̀ gba ojú ọ̀nà ilé wọn kọjá.

Nígbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pín orúkọ ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, pé kí wọ́n lọ pè wọ́n wá síbi ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àyànfẹ́ gun ọ̀kadà dé Ìjagbó, ó dé Ẹ̀rìn-Ilé. Ilé Fọlákẹ́ tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

Ó nídìí. Lọ́dún tó kọjá, Fọlákẹ́ fi omijé fi èsì WAEC rẹ̀ hàn án níkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ méjì péré ló ti yege. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àyànfẹ́ ti fi tẹ̀ríntẹ̀rín ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tí òun fúnra rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà ni Fọlákẹ́ kò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Alùfáà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá àgbà kan wọlé láti ẹnu géètì, ó bo orí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyànfẹ́ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Alhaja Asiata ni, ìyá ìyá Fọlákẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fọlákẹ́ ń gbé látìgbà tí iṣẹ́ ti gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Àbújá.

"Ẹ kú òǹgbẹ o, Alhaja," Alùfáà kí i.

"Ẹ̀yin náà ẹ kú òǹgbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ ni mo wá rò. Ọdún yìí tí ààwẹ̀ tiwa àti tiyín pàdé, ọmọ-ọmọ mi máa ń jí bá mi jẹ sààrì, á ní òun ń gba Lẹ́ǹtì. Òun nìkan ló ń dá a gbà! Tá a bá pé jọ láti ṣínu, á lọ dá jókòó sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ ń pe ènìyàn kiri. Kí lọmọ mi ṣe tẹ́nì kankan ò fi pè é?"

"Wọ́n pè é, Alhaja. Ó ní òun ò wá ni."

"Ta ló pè é?"

Alùfáà kọjú sí Àyànfẹ́. Irọ́ mìíràn ti dé ètè ọmọ náà, pé ẹnì kan lòun rán. Ṣùgbọ́n ó wo ìyá àgbà tó ń gbààwẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú sì tì í gidigidi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò pè é. Èmi ni mo tú àṣírí èsì rẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ akọrin, ojú wá ń tì mí láti lọ."

Alùfáà mí kanlẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ìwọ kọ́ lo máa dá orin kọ lọ́jọ́ Àjíǹde mọ́. Dìde, tẹ̀lé Alhaja."

Fọlákẹ́ ń dín àkàrà ìṣínu nígbà tí wọ́n dé. Kò kí Àyànfẹ́.

"Fọlákẹ́, mo wá pè ọ́ wá sí ìsìn."

"Kí ẹ lè tún rí mi fi rẹ́rìn-ín?"

 Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Àyànfẹ́ pé òun ti fi tẹ̀yìn ṣáájú. "Àforíjì ló yẹ kí n kọ́kọ́ tọrọ. Mo ṣẹ̀ ọ́. Níbi tí mo ti sọ ọ́ náà ni màá ti bẹ̀ ọ́."

Fọlákẹ́ yí àkàrà padà nínú epo. "Lọ sọ ọ́ níbẹ̀ ná. Màá gbọ́."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Àyànfẹ́ dìde níwájú ẹgbẹ́ akọrin, ó jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn wolẹ̀, torí pé àwọn náà ti rẹ́rìn-ín nígbà náà. Fọlákẹ́ kò wá. Ó dun Àyànfẹ́ wọra, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò lè fipá gba ìdáríjì.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń kọ orin kejì nígbà tí Fọlákẹ́ wọlé, tó jókòó sí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Àyànfẹ́ kúrò láàárín àwọn akọrin, ó lọ bá a. Fọlákẹ́ kò rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó sún fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó rọrùn láti ní kí ènìyàn wá sílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹnu tó lé ènìyàn jáde kò lè pè é wọlé, àfi tó bá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.