Ìbò Bebe Resham

"Bá mi parí ìyókù, ọmọ mi," ni Bebe Resham wí. Ó ti ìwé ìdìbò sọ́dọ̀ Nosheen, ó sì padà sídìí tíì rẹ̀ tó ń hó lórí iná.

Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Láti kékeré ni Nosheen ti ń ka lẹ́tà ilé ìwòsàn àti ti iná mànàmáná fún àwọn ìyá àgbà òpópónà wa, àwọn tó bá ọkọ wọn wá sí Ìlú Ọba láti Mirpur ní Pakistan nígbà tí ilé iṣẹ́ òwú ṣì ń ṣiṣẹ́. Bebe ni a ń pe gbogbo wọn. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ìdìbò dé ilé wọn nínú àpòòwé, kí wọ́n lè dìbò láti ilé kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ padà, wọ́n buwọ́ lu ibi tó yẹ, wọ́n ní kí Nosheen bá àwọn sàmì síbi tó kù.

Shagufta, àbúrò ìyá Nosheen, ló ń díje fún ipò káńsẹ́lọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú títí ariwo ẹ̀rọ fi di í létí. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ó fẹ́ wa ìlú sí kòtò ni. Àwọn mìíràn ní kó gbé ìborùn rẹ̀ padà síbi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ òpópónà tó kángun sí tiwa ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ náà dun Nosheen wọra. Ó mọ̀ pé ìbò díẹ̀ ló lè gbé àǹtí òun wọlé, ó sì sàmì sí orúkọ Shagufta fún gbogbo àwọn Bebe láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ta ni wọn ì bá tún mú? Ọmọ wọn kúkú ni.

Ó sàmì sí ti Bebe Resham náà, ó lẹ àpòòwé pa.

"Ta lo mú fún mi?" ni ìyá àgbà bi í bó ṣe ń gbé tíì kalẹ̀.

"Àǹtí Shagufta ni, Bebe."

"Ta ló sọ fún ọ pé òun ni mo fẹ́?"

Nosheen rò pé àwàdà ni, kì í ṣe àwàdà. Hargreave, òyìnbó àgbàlagbà tó wà lórí ipò náà, ni Bebe fẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ òun, Hargreave dúró nínú òjò títí wọ́n fi bo sàréè. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Mo fẹ́ràn Shagufta," ni Bebe wí. "Ṣùgbọ́n n kò tíì san oore òjò yẹn."

Nosheen wo àwọn àpòòwé tó ti kó jọ. Bó bá ju àwọn àpòòwé náà sínú àpótí lẹ́tà, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn Bebe yòókù tí òun kò bi ní nǹkan kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó sì sunkún dé ilé Shagufta.

Shagufta gbọ́ tán, kò pariwo. Ó wọ kóòtù rẹ̀.

"Nítorí mi lo ṣe ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè wá lólè láìjalè. Ṣé ká wá jà á kí ọ̀rọ̀ wọn lè bá wa mu ni? Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Àwọn méjèèjì kó àpòòwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò. Wọ́n fún àwọn Bebe ní ìwé tuntun, ọlọ́pàá sì kìlọ̀ fún Nosheen gidigidi. Kí a tó kírun Jímọ̀ tán, àhesọ ti gba ìlú pé ilé Shagufta ń jí ìbò. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó fẹjọ́ náà sùn. Ìbò díẹ̀ ni Hargreave fi borí rẹ̀. Ìrẹsì tí a ti sè sílẹ̀ fún ayọ̀, bí oúnjẹ ilé òkú la ṣe jẹ ẹ́. Shagufta padà sídìí bọ́ọ̀sì rẹ̀, ojú sì ń ti Nosheen láti gba àárín wa kọjá.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Lọ́tẹ̀ yìí kò gba bírò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń kọ́ àwọn Bebe bí wọn yóò ṣe dá orúkọ mọ̀. Bebe Resham ní orí òun ti le jù. Ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, àwọn Bebe fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ síbi ìdìbò. A ò rí irú ẹ̀ rí. Shagufta wọlé, Hargreave ló sì kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nosheen sáré lọ bá Bebe Resham.

"Bebe, ta lẹ mú?"

Bebe tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ọwọ́ ta ni mo fi sàmì?"

"Ọwọ́ yín ni, Bebe."

"Ó tán nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn ènìyàn tó báyìí, ẹ má ṣe gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìbi í. Nosheen kò mọ ẹni tí Bebe Resham mú títí dòní, kò sì béèrè mọ́.