Òróró Inú Bíréèkì Mọ́tò Yínká

Ẹni tó bá mọ ilé àdúrà wa tó wà lẹ́yìn ibùdó tírélà ní Orè, á mọ̀ pé bí ọmọ ìjọ kan bá ra mọ́tò, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá. Wòlíì á gbàdúrà sí i, wọ́n á wọ́n omi sí i lára, wọ́n á ta òróró sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó ni ín á sì wà á jáde láti fi dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà mọ́tò àwọn bàbá wa, kò sì sí aburú kankan tó ti ibẹ̀ yọ. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹgbẹ́ àwa tó ń rí sí ẹ̀mí àwọn èèyàn lójú pópó ń bá ẹ̀sìn jà. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí náà ń wọ sùtánà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìkórè kòkó, Yínká, àkọ́bí Bàbá Elisha Akínwọlé ti Aráròmí-Obù, gbé mọ́tò tuntun wọ ọgbà ìjọ. Kòkó ti gbówó lórí, àwọn àgbẹ̀ wa ti rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun tí ojú wọn ń rí nínú fóònù. Mọ́tò eré sísá ni, pupa fòò, onílẹ̀kùn méjì péré. Ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ tó bá dúró tì í lè wo orí rẹ̀. Bó bá dún, gbogbo adìyẹ ọgbà á wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Bàbá Elisha yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Yínká, ibo ni wọ́n ń kó àpò kòkó sí nínú eléyìí?"

"Bàbá, kì í ṣe mọ́tò ẹrù."

"Mo rí i. Ọ̀nà oko wa tí ọ̀kadà ń wọ́ gbà ńkọ́? Ṣé o máa gbé mọ́tò yìí lé orí ni?"

"Orè níbí ni n óò máa wà á. Bí mo bá ń bọ̀ lóko, n óò gun ọ̀kadà."

"O ra mọ́tò, o tún ń gun ọ̀kadà bọ̀ wálé," ni bàbá wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Yínká gan-an rẹ́rìn-ín, nítorí pé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, kò sì sí ohun tí wọ́n lè sọ tó máa bà á nínú jẹ́.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Ìyá Lydia, ìyá rẹ̀. Ó ti gbààwẹ̀ lórí ọmọ yìí, ó ti ṣọ́ òru lórí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì ń wo mọ́tò náà pẹ́ ni òun náà ń wò.

"Ẹ fi ọma mi sílẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe gbogbo ojú tó ń wo mọ́tò yìí ló ń fẹ́ ire."

Wòlíì Olúwagbénga bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ta á sí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó fi kan Yínká níwájú orí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà àkọ́kọ́.

Táyà mọ́tò yìí kò dà bíi ti àwọn tí wọ́n ti ń gbé wá tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìdérí máa ń wà lórí rọ́ọ̀mù tí táyà wọ̀, òróró á kàn ṣàn lára rẹ̀, á kán sílẹ̀. Rọ́ọ̀mù ti Yínká là gbàgà bí ìka ọwọ́ tí èèyàn yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irin rìbìtì kan ń dán nínú rẹ̀ tí gbogbo wa ń rí. Irin yẹn ni bíréèkì máa ń fún pọ̀ kí mọ́tò tó lè dúró.

Ọláyídé, ìyàwó Yínká, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lójú ọ̀nà Odígbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ọgbà ìjọ lọ́jọ́ náà ni ó sì kọ́ ní mọ́tò wíwà. Ó pọn Lọ́pẹ́, ọmọbìnrin wọn, sẹ́yìn. Ó sún mọ́ iwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Baba Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òróró kan irin inú yẹn. Bíréèkì ni. Bó bá kàn án, bíréèkì kò ní mú."

Wòlíì dá ọwọ́ dúró. Ó wo Ìyá Lydia lójú, nítorí pé ìyá yìí ni àgbà nínú àwọn ìyá àdúrà, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ wàhálà rẹ̀. Ìyá Lydia gba ìgò òróró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Inú irin yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó dé," ó ní. "Ibi tí òróró kò bá kàn ni ọ̀tá ń gbà wọlé."

Ó dà á láti táyà kan dé òmíràn títí ìgò náà fi gbẹ. Ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ọláyídé fa ọkọ rẹ̀ sápá kan, ṣùgbọ́n ọgbà wa kò tóbi, a ń gbọ́ wọn.

"Bàbá Lọ́pẹ́, ẹ má tíì wà á. Ẹ jẹ́ kí n pe mẹkáníìkì kó tú táyà, kó nù ún dáadáa."

"Lójú gbogbo ìjọ? Kí n máa nu òróró tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà?"

"Bó bá ń tì yín lójú, ẹ jẹ́ ká sọ pé epo ló tán nínú mọ́tò."

Yínká rẹ́rìn-ín. "Mo kàn fẹ́ dé Odígbó kí n yí padà ni. Bá a bá délé, o ṣe é bó o ṣe fẹ́. Wọlé, àwọn èèyàn ń wò wá."

"N kò ní wọlé. N kò sì ní gbé Lọ́pẹ́ wọlé."

Ojú ti Yínká. Ó wọ mọ́tò lóun nìkan, ó sì jáde, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ló rìn jáde nínú ọgbà, nítorí náà kò lè mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí bíréèkì rẹ̀. Nígbà tó dé ojú títì ló ki eré mọ́lẹ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, kí èèyàn tó gbé itọ́ mì ó ti ń sá eré tí mọ́tò tiwa kò lè sá láé. Ní tòsí ìyànà Odígbó, típà kan tó ru iyanrìn ń yọ sójú ọ̀nà. Rọ́fíàt tó ń ta ọsàn níbẹ̀ sọ fún wa pé iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò náà tàn, ó sì ń tàn lọ. Èyí túmọ̀ sí pé Yínká tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò kò gbọ́. Ó yà fún àwọn ọlọ́sàn, ó sì wọ abẹ́ típà náà lọ.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Inú ń bí mi títí di òní tí mo bá rántí pé a pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí péjọ ní Aráròmí-Obù. Àwọn àgbà wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Mo wà níbẹ̀, nítorí pé àbúrò ìyá Bàbá Elisha ló bí mi.

Ìyá Lydia dìde. Ohùn rẹ̀ ti há nítorí ẹkún.

"Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n ta òróró sí mọ́tò ọma mi? Ta ni wọ́n ní kó wọlé tó kọ̀? Ta ló gbé ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, tó jẹ́ kí ọmọ tèmi máa lọ síbi ikú? Ó mọ̀. Àjẹ́ ni."

Kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Wọ́n ní kí Ọláyídé gbé Lọ́pẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kí òun sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ.

Ọláyídé di ọmọ rẹ̀ mú. Bàbá Elisha ló kọjú sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo mọ́tò náà kẹ́ ẹ tó lé mi. Bẹ́ ẹ bá wò ó tán tẹ́ ẹ ṣì ní èmi ni, n óò bá yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba ọmọ mi."

Bàbá náà dìde, ó mú fìlà rẹ̀. "A máa lọ wò ó," ó ní.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti wọ́ àfọ́kù mọ́tò náà sínú ọgbà kan ní Orè. Ọ̀gá wọn tó gbà wá lálejò ń jẹ́ Khàdíjàt. Ó kí àwọn àgbà kú ọ̀fọ̀, ó ní kí mẹkáníìkì tú táyà ẹ̀yìn kan tí kò bàjẹ́. Ó fi aṣọ funfun nu irin inú rẹ̀, ó sì nà án sí Bàbá Elisha.

"Bàbá, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí Wòlíì Olúwagbénga. Wòlíì kò gbà á. Òórùn náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa: òróró àdúrà olóòórùn dídùn tí a ń lò ní ìjọ.

"Epo yìí ti rin páàdì bíréèkì, èyí tó ń fún irin yẹn mú, gbin-gbin," ni Khàdíjàt wí. "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ní ọ̀pẹ lóko. Bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ bá fi epo pa igbà rẹ̀, tó tún fi pa ọwọ́ méjèèjì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Á já bọ́."

"Ohun tó ṣe mọ́tò yìí nìyẹn. Ọmọ yín tẹ bíréèkì, kò rí nǹkan dì mú. Bíréèkì náà kò ṣẹ́, wọn kò gé nǹkan kan níbẹ̀, mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ká ní ẹnìkan ti sọ fún yín kó tó gbéra ni."

"Ẹnìkan sọ," ni Bàbá Elisha wí. Kò gbé ojú sókè.

Ìyá Lydia jókòó sílẹ̀ nínú eruku níbẹ̀. "Gbogbo ìgò náà ni mo dà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ni mo dà sí i." A gbé e dìde, a gbé e lọ sílé.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Wọ́n fi Lọ́pẹ́ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ gbogbo àwa tí a dé ọgbà náà pé kí a má sọ ọ́ síta, pé bí ìlú bá gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á pa Ìyá Lydia. Wòlíì wàásù lórí sùúrù, kò dárúkọ òróró. Ẹnikẹ́ni kò sì dìde nínú ìjọ láti sọ pé a ti parọ́ mọ́ obìnrin yìí. Ohun tí wọ́n pariwo rẹ̀ síta ni ilé àti oko mọ̀. Ohun tí wọ́n rí, inú yàrá ni wọ́n fi sí. Àwọn èèyàn kò rán ọmọ wọn lọ kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ Ọláyídé mọ́. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, ó kó lọ sí Àgọ́ Aláyè.

Ìyá Lydia lọ bá a níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ. Ó gbé gààrí àti epo pupa dání. Ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, Ọláyídé sì sáré gbé e dìde, nítorí pé a kì í jẹ́ kí àgbà kúnlẹ̀ fúnni.

"Dárí jì mí," ni Ìyá Lydia wí. "Jẹ́ kí n máa rí Lọ́pẹ́."

"Ìyá, mo ti dárí jì yín. Lọ́pẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn lẹ ti pè mí lájẹ̀ẹ́. Ojú gbogbo èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé n kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ojú á tì mí, Ọláyídé."

"Ó ti tì mí náà, Ìyá."

Ìyá Lydia gbé ọmọ náà lé itan títí ó fi sùn, lẹ́yìn náà ó ní ká máa lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kò tíì dìde nínú ìjọ.

Ẹ̀yin ará Orè, ẹ̀yin ará Odígbó, Aráròmí-Obù àti Omifúnfun, ẹ gbàdúrà sí mọ́tò yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta òróró, ẹ ta á sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi kan awakọ̀ níwájú orí. Ẹ má jẹ́ kó dé táyà, ẹ má sì jẹ́ kó dé irin inú rọ́ọ̀mù rárá. Àwọn tó ń fọ mọ́tò, tí wọ́n ń fi epo dán táyà kó lè máa kọ mànà, ẹ̀yin náà la ń bá wí. Bó bá ṣèèṣì kan bíréèkì, ẹ má wa mọ́tò náà, ì báà ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ pe mẹkáníìkì kó fọ irin náà, kó sì pààrọ̀ páàdì tó ti mu epo. Bí mọ́tò bá ṣe ń sáré tó ni bíréèkì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dára tó, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nínú ọgbà kẹ́ ẹ tó bọ́ sójú títì. Ẹni tó bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kódà bí ojú bá ń tì yín lójú ìjọ. Bí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó pe ọmọ ẹlòmíràn lájẹ̀ẹ́.

Ọláyídé kò pa ọkọ rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀ nínú ìjọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ níbí.