Ìwọ̀n Kẹsàn-án

Ìwọ̀n orin kan ṣoṣo tí Walburga Pichler fi kún ijó bàbá rẹ̀ ló da gbọ̀ngàn ijó rú lójú àwọn ọlọ́lá Vienna.

Làkúrègbé ti mú ìka bàbá rẹ̀. Ó ṣì lè ta fayolíìnì kó fi darí àwọn olórin, ṣùgbọ́n kò lè di kálámù mú mọ́. Walburga, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń bá a kọ àwọn ijó mínúẹ́ẹ̀tì tuntun fún àríyá tó ṣáájú Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Orúkọ bàbá ló máa ń wà lókè ìwé. Bí ijó náà bá dùn mọ́ àwọn ọlọ́lá, bàbá ni yóò tún ṣe olórí olórin lọ́dún tó ń bọ̀.

“Ìwọ̀n mẹ́jọ-mẹ́jọ ni o, ìwọ̀n kan, kíkà mẹ́ta,” bàbá máa ń sọ. “Ìgbésẹ̀ kan ń gba ìwọ̀n méjì. Oníjó kì í ka orin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a kà á.”

Cajetan, akẹ́kọ̀ọ́ orin tó ń gbé òkè ilé wọn, yọjú wo ìwé náà. Ẹ̀rín pa á.

“Walli, ṣé orin náà nìyí? Oúnjẹ bàtà lásán!”

“Bàtà náà ló ń bọ́ wa.”

“Ó dáa, máa bá bàtà lọ. Èmi tí mo rò pé o lọ́pọlọ!”

Ọ̀rọ̀ náà dun Walburga. Nígbà tí Cajetan lọ tán, ó fi ìwọ̀n kẹsàn-án kún àárín ijó tó kẹ́yìn, níbi tí fèrè ti ń dá kọrin. Ó dùn. Kò fi han bàbá. Àwọn olórin ijó kì í sì í fi irú orin bẹ́ẹ̀ dánra wò. Bí wọ́n bá ṣe ń rí i ni wọ́n ń ta á.

Lọ́jọ́ àríyá, ẹ̀gbẹ́ bàbá ló dúró sí, ó ń bá a ṣí ìwé. Nígbà tí wọ́n dé ìwọ̀n kẹsàn-án, ẹsẹ̀ tí kò yẹ ni àwọn oníjó gbé. Ọkùnrin kan tẹ aṣọ obìnrin tó ń bọ̀ wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, aṣọ náà ya fàà. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìlà ijó túká.

Bàbá wo ìwé, ó wo ọmọ rẹ̀. Walburga la ẹnu.

“Pa ẹnu ẹ mọ́,” ni bàbá wí. “Orúkọ mi ló wà lókè.”

Ọ̀gá Stadelmann, alábòójútó gbọ̀ngàn, ti ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. “Pichler! Ìwọ àgbà! Ṣé o ò mọ ẹsẹ̀ kà mọ́ ni?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ogbó ti ń dé.”

Lójú ọ̀nà, Walburga ń sunkún. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn.”

“Kí lo fẹ́ sọ? Pé ọmọdébìnrin ló ń bá mi kọ orin? Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún wa mọ́?”

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ẹ̀rín Cajetan, tí kò rán an níṣẹ́ kankan, ni Walburga bẹ̀rù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ló darí olórin ní gbọ̀ngàn náà. Ilé ọtí kan lẹ́yìn odi ìlú ni bàbá Walburga, Matthias Pichler, ti ń fi ìka wíwú ta fayolíìnì fún àwọn awakọ̀ ojú omi, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí òtútù ń gbà wọlé.