Ọkùnrin Tó Fi Irọ́ Kó Aṣọ Òkú Jọ

Gbogbo àwa tí a mọ Leland Haskett ní ìlú Erie, létí adágún ńlá kan ní Amẹ́ríkà, la máa ń bi ara wa pé, níbo ni ọkùnrin yìí ti ń rí aṣọ? Atajà ni ní ilé ìtajà àga àti bẹ́ẹ̀dì. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ilé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún èèyàn. Síbẹ̀, tó bá jáde láàárọ̀, wàá rò pé adájọ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà gbọ́n nípa aṣọ. Ó mọ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ máa ra aṣọ aláràbarà. Dúdú, àwọ̀ eérú àti búlúù tó ṣú ló máa ń wọ̀, kí kóòtù kan lè bá oríṣiríṣi ṣòkòtò lọ. Ó máa ń gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀ dà nù kó tó fi kọ́. Inú aṣọ, níbi tí wọ́n ti rán an, ló máa ń yẹ̀ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Gbogbo èyí dára. Èmi alára, bọ̀síkọ̀rọ̀ ni mò ń wọ̀, mi ò sì tijú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí. Ọ̀nà tí Leland ń gbà rí tirẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe. Láràárọ̀, bó bá ti ń mu kọfí, ojú ewé tí wọ́n ń kéde òkú sí nínú ìwé ìròyìn ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Kì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni kẹ́dùn o. Fọ́tò ló ń wò. Ó ń wá ọkùnrin tó ga, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bíi tirẹ̀, tó sì jọ ẹni tó rí já jẹ nígbà ayé rẹ̀. Tó bá ti rí i, á múra, á lọ síbi tí wọ́n tẹ́ òkú sí lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ń wá kí ẹbí, á tò sórí ìlà, á sì di ọwọ́ opó mú.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà," ni yóò wí. "Èmi àti ọkọ yín la jọ máa ń pẹja lórí adágún. Èèyàn rere ni."

Irọ́ ni. Kò fojú kan òkú náà rí. Ṣùgbọ́n ní Erie, ọkùnrin mélòó ni kì í pẹja? Opó tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ṣé ó máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí ni?

Tó bá di ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, Leland á ra páì ápù, á gbé e lọ sílé obìnrin náà. Á ní òun mọ̀ pé kì í rọrùn láti máa rí aṣọ olóògbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pé tí wọ́n bá fẹ́, òun lè bá wọn kó o lọ fún àwọn aláìní. Obìnrin náà á sunkún, á dúpẹ́, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún un. Aláìní kankan kò rí okùn bàtà gbà níbẹ̀. Yàrá Leland ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ lọ.

Ìwà burúkú gbáà. Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Aṣọ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn Leland kò balẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú lára. Bí oníbàárà kan bá tẹjú mọ́ kóòtù rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Á máa rò ó pé, àbí ọmọ olóògbé nìyí? Ó ní àwọn àdúgbò tí kì í gbà kọjá mọ́. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, kò jẹ́ dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn opó pọ̀ sí.

Delbert Ames, tí wọ́n jọ ń tajà, jẹ́ onígbàgbọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá, ó sún mọ́ ọn.

"Leland, tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday."

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Ta ni ì bá rán mi? Mo kàn ń pè ẹ́ ni."

"Ẹnì kan ti sọ nǹkan fún ẹ."

"Nǹkan wo? Ṣé nǹkan wà tí wọ́n lè sọ ni?"

Leland tún táì rẹ̀ ṣe.

Delbert rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, o ń múra bí ọkọ ìyàwó lójoojúmọ́, o wá ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Jésù ò bá aṣọ ẹ jà. Ọkàn ẹ ló ń wá."

"Kó máa wá a lọ," ni Leland wí, ó sì lọ ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí òtútù mú dáadáa lọ́dún náà, ó rí fọ́tò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harlan Stockdale nínú ìwé ìròyìn. Èjìká ọkùnrin náà fẹ̀, kóòtù òtútù tó nípọn, tó sì lọ́lá, ló wọ̀ nínú fọ́tò náà. Itọ́ dà lẹ́nu Leland. Ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀ kan, ó lọ.

Verna Stockdale, ìyàwó olóògbé, jẹ́ ìyá arúgbó kékeré kan tí orí rẹ̀ ti funfun. Leland di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ka ọ̀rọ̀ adágún àti ẹja sí i létí. Ìyá náà kò sunkún. Ó wo ọrùn ọwọ́ Leland tó yọ síta nítorí pé apá kóòtù náà kúrú. Ó wo kóòtù náà. Lẹ́yìn náà ló tó wo ojú rẹ̀.

"O ní ìwọ àti Harlan jọ máa ń pẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́pọ̀ ìgbà."

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Roy, mà." Irọ́ tún ni.

"O ṣeun tó o wá, Roy. Òtútù pọ̀ níta. Tó bá yá, kó o yà sílé wa."

Ara fu Leland. Kò sí opó kankan tó pè é wá sílé rí, òun ló máa ń wá ọ̀nà lọ. Ó pinnu pé òun kò ní lọ. Ṣùgbọ́n kóòtù inú fọ́tò yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ojúkòkòrò sì borí ìbẹ̀rù. Ó ra páì rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì gbé páì náà sílẹ̀ tí ìyá náà fi sọ pé, "Mo ti kó o jọ dè ẹ́." Orí bẹ́ẹ̀dì ni ó tò wọ́n sí: súútì, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, àti kóòtù òtútù náà. Gbogbo wọn ló ti lọ̀.

"Wọ̀ ọ́ wò."

Leland wọ kóòtù náà. Apá rẹ̀ bò ó dé ọrùn ọwọ́ géérégé. Ó yí etí rẹ̀ padà, ó rí i pé òwú tuntun ni wọ́n fi rán an.

"Apá Harlan kò gùn tó tìẹ," ni ìyá náà wí. "Mo tú u, mo sì fà á gùn fún ẹ."

Leland kó ẹrù náà, kò mọ bó ṣe dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn opó tó kù fún un ní aṣọ nítorí pé omijé kò jẹ́ kí wọ́n ríran. Ojú ìyá yìí mọ́lẹ̀ kedere. Kí ló ń wá? Nígbà tó délé, ó tú gbogbo àpò kóòtù náà wò. Ó fi abẹ ya aṣọ inú rẹ̀ níbì kan, ó ń wá àmì tí ọlọ́pàá lè ti fi síbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló tún wá dẹ́rù bà á jù. Ó dá a lójú pé ìyá náà ń dúró kí òun wọ̀ ọ́ jáde ni, kí ọwọ́ lè tẹ òun.

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, á ta gìrì. Kò rí ọjà tà, ọ̀gá wọn sì ti ń fi ojú burúkú wò ó. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó pe Delbert sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló lè mú kí èèyàn fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní nǹkan gidi, tí kò sì béèrè nǹkan kan?"

Delbert wò ó títí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kó o bi. Lọ bi ẹni tó fún ẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, Leland di gbogbo aṣọ náà sínú mọ́tò, ó wà á lọ sílé Verna nínú yìnyín. Ó já ẹrù náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Mà, ẹ gba ẹrù yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

"Jókòó."

"Mi ò jókòó. Ṣé ẹ ti pe ọlọ́pàá ni?"

"Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè wọ́n," ni ìyá náà dá a lóhùn. "Harlan kò dé orí adágún yẹn rí láyé ẹ̀. Inú omi yẹn ni àbúrò ẹ̀ kú sí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Tá a bá ń wa mọ́tò gba etí omi, ńṣe ló máa ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. O wá di ọwọ́ mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ẹ̀, o ní ẹ jọ máa ń pẹja."

Leland fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Kóòtù tó o wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Ti Emmett Crowley ni. Ẹ̀yìn kóòtù yẹn ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí Emmett tó kú. Bí mo ṣe rí i lára ẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ yé mi. Ó ṣe mí bíi kí n fà á ya mọ́ ẹ lára."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tún apá kóòtù ṣe fún mi?"

"Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ ẹ́ níyà. Mi ò ní tàn ẹ́, mo gbà á kíkankíkan. Ibi tí mo ti ń gbà á ni mo ti rántí ara mi. Èmi yìí, mo parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà kan, títí ilé ọkọ ẹ̀ fi tú. Jésù mọ irọ́ yẹn látòkèdélẹ̀. Kò dúró kí n di èèyàn gidi kó tó kú fún mi. Mo wá rántí ọrùn ọwọ́ ẹ nínú òtútù. Mo jókòó sídìí maṣíìnì. Inú ń bí mi, mò ń sunkún, mo sì ń rán an lọ."

"Èló ni kí n san?"

"Mi ò tà á."

"Kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ láyé yìí, mà."

"Ẹnì kan ti san án. Torí pé kì í ṣe ìwọ lo san án ni kò ṣe jọ òótọ́ lójú ẹ. Kí lorúkọ tí ìyá ẹ sọ ẹ́?"

Leland fẹ́ pe Roy. Orúkọ náà kò jáde.

"Leland," ó ní. "Leland Haskett ni mí. Òpùrọ́ ni mí. Olè ni mí, mà."

Kò sí ẹni tó já wọlé wá mú un. Ìyá náà kàn mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Leland kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bàtà tútù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Àdúrà tó gbà kò gùn: "Jésù, o mọ gbogbo rẹ̀. Dárí jì mí. Gbà mí." Ọjọ́ yẹn ni Leland Haskett di ẹni ìgbàlà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà wá dùn lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti máa lọ láti ilé opó kan dé òmíràn, ó ń dá aṣọ padà, ó ń jẹ́wọ́. Ọ̀kan gba súútì, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú. Ọmọ òmíràn pe ọlọ́pàá, Leland sì dúró dè wọ́n, ó rò fún wọn bó ṣe rí gan-an. Ìyàwó Crowley jẹ́ kó dúró sínú yìnyín títí, ó gbá kóòtù ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. Ìyà náà tọ́ sí Leland, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ Harlan nìkan ni Verna kọ̀ láti gbà padà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Ó lè má jẹ́ aṣọ òkú ni tìrẹ. Bóyá owó ìyàwó rẹ lò ń mú lọ́nà tí kò mọ̀. Bóyá orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́ sí níbi iṣẹ́ kì í ṣe irú ẹni tó o jẹ́ nínú ilé. Wọ́n ti bá ọ sọ̀rọ̀ Jésù, ara sì fu ọ́. O ní kò lè jẹ́ ọ̀fẹ́. O ní tí ó bá mọ irú ẹni tó o jẹ́ ni, kò ní fún ọ ní nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ gan-an lo ti ṣìnà. Má dúró kí ìwà rẹ dára ná, má sì sọ pé ó di ọ̀la, nítorí ojú ewé tí Leland ń kà láràárọ̀ yẹn kún fún orúkọ àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tó o jókòó sí yìí, sọ orúkọ rẹ gan-an fún Jésù, sọ ohun tó o ṣe gan-an. Kò ní yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ kó tó kú fún ọ, ó mọ̀ báyìí, ó sì ń nawọ́ rẹ̀ sí ọ síbẹ̀. Gbà á lónìí.