Okùn Tí Jeffrey Fi Dán Ọ̀bẹ Wò

Okùn náà nà gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí a dé etí odò ní Ajégúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n so orí rẹ̀ kan mọ́ òpó, èkejì wọ inú omi lọ, ó le bí ìgbà tí ẹnì kan ń fà á lábẹ́. Kò sí ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Lẹ́bàá òpó náà, ẹnì kan ká aṣọ ìnura àti ṣòkòtò gbígbẹ sílẹ̀, ó to sílípáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iwájú sílípáàsì náà kọ sí ọ̀nà ilé.

Mi ò sọ ọ́. Èmi kì í tètè sọ̀rọ̀.

Jeffrey, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló mú mi wá. Ó ń ta ọ̀bẹ fún àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ ní Kétu. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kan ní Gbàgádà fẹ́ ra púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i nínú fídíò bí ọ̀bẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú igbó àti nínú omi. Látìgbà tí mo ti ṣe WAEC tán, èmi ni mo máa ń bá Jeffrey di fóònù mú.

Ọ̀bẹ náà dára, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ká bọ inú èèkù. Irin kan ṣoṣo ni, láti ṣóńṣó orí títí dé ìdí èèkù. Jeffrey fi gé ọparun. Ó gbé e lé igi gbígbẹ, ó fi kùmọ̀ lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí igi fi là. Ó rì í bọ omi, ó fi ọwọ́ tútù dì í mú, èèkù rẹ̀ kò yọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì ń fá irun apá.

"Ó ku okùn tútù," ni Jeffrey wí. Ó wo òpó náà. "Ah, Ọlọ́run ti pèsè. Guy, gbé fóònù sókè dáadáa, má jẹ́ kọ́wọ́ ẹ máa gbọ̀n bíi ti ìyàwó tuntun."

Mo wo sílípáàsì yẹn. Mo gbé fóònù sókè.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fa ọ̀bẹ lé e, okùn já. Ṣùgbọ́n kò já bọ́ bí okùn ṣe ń já bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ inú omi lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan ń kó o jọ sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun kan tó dà bí ikọ́, lábẹ́ omi.

"Ẹja ni," Jeffrey ní. Ó sì ti ń yára ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀.

Nígbà tí a yíjú padà, obìnrin kan dúró lẹ́yìn wa, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Kò pariwo.

"Ta ló gé e?"

"A bá a bẹ́ẹ̀ ni, Mummy," Jeffrey dáhùn.

Ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní nígbà omíyalé ọdún tó kọjá, okùn yẹn ni òun jù sí Ládé, ọmọ òun tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa. Omi gbé e lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jọ̀wọ́ okùn. Látìgbà náà ni òun ti ń fà á bọ̀.

"Ó ń sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Lánàá, mo rí orí ìka ẹ̀." Ó wo omi pẹ́. "Àṣé ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló já a, ó jọ̀wọ́ mi."

Ó kó aṣọ ìnura àti ṣòkòtò náà, ó gbá wọn mọ́ àyà, ó lọ.

Ọ̀gá Gbàgádà fẹ́ràn fídíò náà. Ibi tí a ti gé okùn ló dùn mọ́ ọn jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ra irú okùn tí wọ́n fi ń di apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12, mo padà sí Ajégúnlẹ̀. Mo bá Mummy Ládé nílé rẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ní òun ń padà sí Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí òun ń dúró dè mọ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ládé ò jọ̀wọ́ yín. Àwa la gé e. Torí fídíò."

Mo ń retí ìgbátí. Ó kàn já okùn gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ sétí omi, ó jù ú. Kò pẹ́ rárá tó fi le.

"Ó ti dì í mú! Ládé mi ti dì í mú!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Bá mi fà á, ọmọ mi, fà á! Ọlọ́run á san án fún ẹ."

A jọ ń fà á. Ó wúwo. Omi là, ọwọ́ kan yọ, ó di okùn mú ṣinṣin. Mummy ti di ojú, ó ń dúpẹ́.

Èmi ò di ojú. Mo rí i pé ọwọ́ náà tóbi, pé irun funfun bo ẹ̀yìn rẹ̀, pé èékánná rẹ̀ ti gùn títí ó fi ká. Ọwọ́ àgbàlagbà ni, ẹni tó ti wà lábẹ́ omi kí wọ́n tó bí Ládé.

"Ṣé o rí i?" Mummy bi mí jẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ṣé ọmọ mi ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi já gaara.

"Òun ni, Mummy," mo ní, a sì jọ ń fà á bọ̀.