Àwọn Àgbà Tí Awòkàn Wò Lórí Ìjókòó

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù ní Ìlú Orí-Òṣùpá, ọyẹ́ sì mú díẹ̀. Lábẹ́ òrùlé díńgí tó bo ìlú náà, ẹ̀rọ ló ń fẹ́ ọyẹ́, nítorí àwọn àgbà sọ pé ọdún tí kò bá ní ọyẹ́ kì í ṣe ọdún.

Adéṣíyan, tó ti ń gé yìnyín lórí òkè ẹ̀yìn ìlú láti ọdún mọ́kàndínlógún, jókòó níwájú awòkàn. Ẹ̀rọ yìí a máa ju ìró tí etí kì í gbọ́ sínú àyà. Bí ìró náà bá ta padà, a fi í ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìwé tí yóò dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ ni Adéṣíyan ń wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ìrọ̀rí mẹ́ta ló sì ń tò léra kó tó rí èémí mí lóru.

Awòkàn ní kò sí nǹkan kan: ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn rẹ̀ ló ń fún síta, bó ṣe yẹ. Ara tu Adéṣíyan. Mọ́rèniké, dókítà tó ń darí ẹ̀rọ náà, wo ẹsẹ̀ wíwú yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ọkàn lè sún mọ́ awọ àyà, kí òun tún un wò.

Bàbá Lánihún, olórí àwọn agéyìnyín, tó sìn ín wá, ní kí dókítà má dán an wò. Òun ló ṣáájú nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣòfin pé àgbà kò gbọdọ̀ nà gbalaja síwájú ọmọdé tó dúró. Nítorí òfin yẹn ni wọ́n fi kọ́ awòkàn láti máa wo àgbà lórí ìjókòó.

“Ọmọ tí mo fi oyin kàn lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀,” ni Lánihún wí, “òun ló fẹ́ máa tẹ́ àgbà sílẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkàn wọn ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ẹ̀yìn wọn.”

Adéṣíyan rò ó. Kó tó gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tán láàárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró mí. Ó ṣí fìlà, ó dùbúlẹ̀.

Ọkàn náà wá hàn kedere. Ó ti fẹ̀ bí àpò awọ tí omi kún jù, iṣan rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, agbára káká ló fi ń sún kì. Méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún.

“Kí ló wá dé tó fi pè é ní ọgọ́ta?” Adéṣíyan béèrè.

Mọ́rèniké ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá jókòó, àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi tí awòkàn kò bá sì rí, ọkàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ń dí i. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Gbogbo àgbà ló ń fún ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta ló fún Bàbá Ojúọlápé náà.”

Àbúrò Lánihún ni Ojúọlápé. Orí yìnyín ló ṣubú sí, tó sì kú, ní ọjọ́ kẹsàn-án tí awòkàn ní kó máa lọ síbi iṣẹ́.

“Àgbà mọ́kànlá ló wà lókè báyìí,” ni Lánihún wí.

Mọ́rèniké ní kí Adéṣíyan má dìde. Kò dìde. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti na ọwọ́ sí gbohùngbohùn ara ògiri, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ dé orí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà náà sọ̀kalẹ̀ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.